Ọ̀rá Tó Wá Jẹrà Nílé Fadérera

Àlá tí mo fẹ́ rò fún yín yìí, èmi kọ́ ni mo lá a. Fadérera onípékeré ló lá a, ẹni tí ògiri ilé wọn àti tiwa fara kanra ní àdúgbò Ọ̀kà, nílùú Òǹdó. Ọ̀sán gangan ló lá a, lórí ẹní, lẹ́yìn tó jẹ iyán tán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló wá rò ó fún mi lórí pèpéle. Ẹnu rẹ̀ ò gbọ̀n, ojú rẹ̀ ò yí, àfi bí ẹni ń sọ bí òun ṣe lọ ra èlùbọ́ tóun sì bọ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé sùn. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí Fadérera ti ń dín ìpékeré. Á bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, á gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, á dín in, á dà á sínú ọ̀rá funfun, á lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ lójú iná àbẹ́là. Ọ̀rá funfun náà ló ń lò látìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Lóṣù yẹn ni Ìyáàfin Ọláìtán, tó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Àkúrẹ́, wá sọ fún un pé òun á máa gba ọ̀ọ́dúnrún ọ̀rá ìpékeré lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Àmọ́ àwọn oníbàárà mi ti lajú o," ni Ìyáàfin náà wí. "Ohun tí kò ní ba ayé jẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Ẹ bá mi kọ nǹkan tó dáa sára ọ̀rá yín."

Fadérera gba ọ̀dọ̀ Akínfọlárìn atẹ̀wé lọ. Kíá ni ìyẹn ya ewé tútù kan sójú kọ̀ǹpútà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: Ọ̀RẸ́ AYÉ NI MÍ. MO Ń JẸRÀ NÍ ÀÁDỌ́RÙN-ÚN ỌJỌ́.

Fadérera bi í pé, "Akínfọlárìn, ṣé ọ̀rá wa yìí máa ń jẹrà lóòótọ́?"

Akínfọlárìn rẹ́rìn-ín. "Ìyá Bọ́láńlé, ta ló máa jókòó tì í tí á máa ka ọjọ́? Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́. Tó bá fi máa di aago mẹ́rin, ẹ fún mi lésì, kí n lè gbé e sórí ẹ̀rọ."

Ohun tó gbé sọ́kàn nìyẹn tó fi délé, tó jẹun, tó sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.

Ó ní ojú òun kò tíì pàdé tán tí ẹnìkan fi kanlẹ̀kùn. Òun ní kó wọlé. Ọ̀rá ìpékeré kan ló wọlé, ó ga tó géńdé ọkùnrin, ó dé fìlà, ó sì ká ẹní sábẹ́ abíyá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, gbogbo ara rẹ̀ ń dún ṣàràṣàrà.

"Ẹ káàsán, mà. Èmi ni ọ̀rá yín."

"Káàsán, ọmọ mi. Kò sí nǹkan, àbí?"

"Kò sí, mà. Òní ló pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí mo dáyé. Mo rí ohun tẹ́ ẹ kọ sí mi láyà, ni mo bá ní kí n tètè wá jẹrà níbi tí wọ́n ti mọ̀ mí. Kò dáa kéèyàn lọ jẹrà lẹ́yìn odi."

Fadérera wo àyà rẹ̀. Òótọ́ ni, àkọlé ń bẹ níbẹ̀ gàdàgbà, pẹ̀lú ewé. Kò yà á lẹ́nu rárá. Ohun tó ká a lára ni pé òun kò tíì gbálẹ̀, àlejò sì ti wọlé.

"Ṣé wàá jẹun kó o tó jẹrà?"

"Ẹ ṣeun, mà. Àwa kì í jẹun. Inú wa loúnjẹ máa ń wà."

Wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọkọ́ ti ń gbẹ́ kòtò fúnra rẹ̀ níbẹ̀, ó ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń ro òun, pé láti àárọ̀ lòun ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó fún òun lómi mu. Àwọn tó wá báni kẹ́dùn ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì: agolo tòmátò kan tó ti dípẹtà, ìgò kan tí kò sọ̀rọ̀ rárá, àti ìyá àgbà kan, ewé eéran, tó rọra ká ọwọ́ lé ẹsẹ̀. Ọ̀rá kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ewé.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe máa ń ṣe é?"

"Ṣe kí ni, ọmọ mi?"

"Jíjẹrà yẹn."

"Háà. N kì í ṣe nǹkan kan. Mo kàn máa ń dùbúlẹ̀ ni. Tí òjò bá ti rọ̀ sí mi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn kòkòrò á ní kí n sún—"

Kò parí ọ̀rọ̀ náà tó fi di erùpẹ̀ dúdú lórí bẹ́ǹṣì. Agolo gbọn ọ́n kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó mi orí. "Ìyá yìí mọṣẹ́ jù," ló wí. "Èmi ti wà lórí tèmi láti ọjọ́ yìí, kókósẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ọ̀rá tẹ́ ẹní rẹ̀ sínú kòtò, ó dùbúlẹ̀, ó di ojú. Wọ́n da erùpẹ̀ bò ó. Wọ́n jókòó, wọ́n ń retí. Fadérera ní àwọn retí á tó ọdún mẹ́ta, síbẹ̀ ẹ̀wà tóun gbé kaná kò tíì jóná.

"Mà, ṣé mo ti ń jẹrà?" Ohùn rẹ̀ ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀.

Fadérera fi ọwọ́ wa erùpẹ̀ díẹ̀, ó yọjú wò ó. "Ó tì o."

"Ẹ bá mi wo apá ìdí."

"Ìdí rẹ ń dán ni, ọmọ mi."

Ọ̀rá tún gbìyànjú. Ó ń kérora bí obìnrin tó ń rọbí. Ó fún ara rẹ̀ pọ̀, ó tú u ká, ó tún fún un pọ̀. Nígbà tó yá, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Omi ojú rẹ̀ kò sì wọlẹ̀, ara rẹ̀ náà ló dá omi náà dúró, ó wá lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

"Mà," ló wí, "ẹ má bínú. Ó dà bíi pé mo ti dójú tì yín. Ẹ ti sọ fáráyé pé màá ṣe é."

Fadérera ní títí di ìgbà yẹn, kò sí ohun tó dun òun nínú àlá náà. Àmọ́ bí ọ̀rá ṣe ń tọrọ àforíjì fún irọ́ tí kì í ṣe òun ló pa á, ìyẹn dun òun dọ́kàn.

Ibi tó ti ń wá ohun tó máa sọ ni ilẹ̀ ti wúkọ́. Ẹ̀yìnkùlé mì, adìyẹ fò.

"Ta ló fi nǹkan yìí sí mi lẹ́nu?" ni ilẹ̀ wí.

"Èmi ni, ẹ jọ̀ọ́," ni Fadérera dáhùn. "Ó ní òun fẹ́ jẹrà ni."

"Ta ló sọ fún un pé ó lè jẹrà?"

Fadérera wo àkọlé àyà ọ̀rá. Ilẹ̀ yí ẹnu lọ yí i bọ̀, bí àgbà tó ń fi ahọ́n wá eegun ẹja lẹ́nu. Ó wá ní, "Mo ti jẹ igi, mo ti jẹ eegun, mo ti jẹ ọba pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí ò lọ. Ẹ lọ bá àwọn tó fún un ní ewé, kí wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n rí." Ló bá pọ àwọn méjèèjì sókè fàà, ó nu ẹnu.

Ọ́fíìsì kan ni wọ́n já sí. Ọ́fíìsì náà léfòó lójú sánmà ni, okùn tí wọ́n fi ń di ẹnu àpò gààrí ni wọ́n fi so ó mọ́ igi ìroko kan nísàlẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ báyìí, gbogbo tábìlì á yọ̀ lọ sápá kan, àwọn òṣìṣẹ́ á tẹ̀lé tábìlì wọn, wọ́n á máa kọ̀wé lọ. Wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé: ILÉ IṢẸ́ TÓ Ń FÚN NǸKAN LÉWÉ. Ọkùnrin kan jókòó ní gbàgede, ó wọ kóòtù, irùngbọ̀n rẹ̀ kéré, òǹtẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, màdáámù. Ewé mélòó?"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe—"

"Ewé kan wà, ewé mẹ́ta wà. Odindi igbó náà wà, ẹyẹ ń bẹ nínú rẹ̀. Tẹlẹ́yẹ ló ń tà jù."

Fadérera fa ọ̀rá síwájú. "Ọmọ yìí ni mo bá wá, sà. Wọ́n kọ ọ́ sí i láyà pé ó ń jẹrà ní àádọ́rùn-ún ọjọ́. A ti gbìyànjú, kò jẹrà. Ta ló dán an wò níbí?"

"Dán an wò kẹ̀? A dán an wò dáadáa. A kà á sókè lẹ́ẹ̀mẹta, ó dùn létí."

"'Ọ̀rẹ́ ayé' ńkọ́, sà? Kí ló túmọ̀ sí?"

Inú ọkùnrin náà dùn sí ìbéèrè yìí. Ó fẹ̀yìn ti àga. "Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ibi tó ti dùn gan-an nìyẹn, màdáámù. Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, ta ló máa já a nírọ́?"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń lu òǹtẹ̀. Táyà kan tó ń jóná ń kọjá lọ, ó lù ú ní ewé kan: TI ÌṢẸ̀DÁ. Jẹnẹrétọ̀ kan wọlé, èéfín dúdú ń rú ní ìdí rẹ̀. Ó lù ú ní ewé mẹ́ta: Ó MỌ́ TÓNÍTÓNÍ. Jẹnẹrétọ̀ náà dúró síbẹ̀, ó ń wo àyíká bóyá àwọn èèyàn ti rí i.

Ọkùnrin náà wá gbé òǹtẹ̀ dúró. Ó gbóòórùn ewé tó wà láyà ọ̀rá. "Ewé yìí mà tutù o," ló wí. Ó fi ahọ́n tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ. Irùngbọ̀n rẹ̀ bá gùn sí i, etí rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, ìwo méjì yọ láàárín irun rẹ̀.

"Màdáámù, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n kàn... mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

"Ẹ máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, sà," ni Fadérera wí, ó sì sún sẹ́yìn nítorí ìwo. Ó wo yíká. Akọ̀wé ti di ewúrẹ́. Ẹni tó ń gbé fáìlì ti di ewúrẹ́, àmọ́ ó ṣì ń gbé fáìlì. Gbogbo ọ́fíìsì ń já ewé jẹ lára àpótí, lára páálí, lára ìgò omi.

Òbúkọ tó jẹ́ ọ̀gá ni nǹkan kọ́kọ́ há lọ́fun. Ó na ọrùn, ojú rẹ̀ ràn, ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Fadérera mọ àìsàn náà. Nígbà tó wà lọ́mọdé ní Ìgbádò, ewúrẹ́ ìyá rẹ̀ kan kú pẹ̀lú ọmọ méjì nínú. Nígbà tí wọ́n la inú rẹ̀, ọ̀rá tí wọ́n fi ń di nǹkan ni wọ́n bá níbẹ̀, ó dì pọ̀ bí ìdì aṣọ. Ìyá rẹ̀ kò jẹ ẹran náà.

Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ó ki ọwọ́ bọ òbúkọ lọ́fun. Ó kan nǹkan, ó fà á. Ọ̀rá ni. Ó tún fà, òmíràn tẹ̀ lé e. Ó ń fà á, wọ́n ń jáde, wọ́n so kọ́ra bí okùn, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan: ÌPÉKERÉ FADÉRERA, ÒǸDÓ. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń na ara wọn, tí wọ́n ń tò sórí ìlà. Ìlà náà gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde, ó gba àtẹ̀gùn lọ, ó jáde sójú sánmà.

"Ẹ káàsán, mà," ni gbogbo wọn wí. "Ọjọ́ wa ti pé. Níbo la máa jẹrà sí?"

Ó ní kò sí èyí tó bínú nínú wọn. Wọ́n kàn dúró bí aláìsàn tó ń retí dókítà, tí wọ́n ti sọ fún pé dókítà ń bọ̀. Ó ní ìyẹn ló ba òun lẹ́rù jù. Ká ní wọ́n bú òun ni, òun ì bá bú wọn padà.

Òbúkọ mí kanlẹ̀. "Ẹ ṣeun, màdáámù. Ẹ tètè kọ nǹkan míì sí wọn láyà kí wọ́n lè máa lọ. Kálámù ń bẹ lórí tábìlì, mẹ̀ẹ̀ẹ̀."

Fadérera mú kálámù, ó fẹ́ kọ ọ́ sára ọ̀rá àkọ́kọ́, tí wọ́n jọ wá, pé, "Kò fi bẹ́ẹ̀ ba ayé jẹ́." Kálámù kò kọ.

"Kò fi bẹ́ẹ̀, bíi ti ta ni?" ni kálámù béèrè. "Kí lẹ fi ń wé?"

Fadérera ronú. "Bíi ti jẹnẹrétọ̀."

"Ẹ yọ orúkọ mi kúrò níbẹ̀ o!" ni jẹnẹrétọ̀ wí látẹ̀yìn.

"Ó dáa. Kọ ọ́ pé, 'Wọ́n lè yọ́ mi ṣe nǹkan tuntun.'"

"Níbo?" ni kálámù wí. "Ta ló ń gbà á l'Óǹdó? Ẹ dárúkọ ẹnìkan."

Fadérera wá orúkọ kan, kò rí. Ọ̀rá àkọ́kọ́ yẹn ń wò ó, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́, àyà rẹ̀ ṣófo níbi tí òbúkọ ti jẹ ewé kúrò. Fadérera bá bi í léèrè ohun tí kò sẹ́ni tó tíì bi í.

"Ọmọ mi, kí lo jẹ́?"

"Ọ̀rá ni mí, mà."

"Ṣé o máa ń jẹrà?"

Ọ̀rá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "N kò rò pé mo lè ṣe é, mà."

Kálámù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ fúnra rẹ̀, ó ń sáré bí omi: Ọ̀RÁ NI MÍ. N KÌ Í JẸRÀ. Ẹ MÁ SỌ MÍ SÍ GỌ́TÀ, Ẹ MÁ JẸ́ KÍ ẸRAN JẸ MÍ.

Ọ̀rá tẹrí ba, ó ń kà á lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé. Nígbà tó parí, ó na ẹ̀yìn, ó dé fìlà rẹ̀ padà.

"Mà, ṣé mo lè máa lọ?"

"Níbo lo ń lọ?"

"N kò tíì mọ̀. Àmọ́ mi ò ní láti kú lónìí mọ́."

Ibẹ̀ ni okùn gààrí ti já. Ọ́fíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀ pẹ̀lú àwọn ewúrẹ́ àti tábìlì, kò sì yára, ó ń fì lọ fì bọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ. Fadérera sì ń gbọ́ ohùn ọkọ́ látìsàlẹ̀, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́, kọ̀ọ́.

Ó lajú. Ọkọ́ ló ń gbọ́ lóòótọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wa kókò ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ìyàwó," ni ìyá náà pè. "Wá wo nǹkan tí mo rí."

Fadérera fi aṣọ nu ojú, ó jáde. Màmá mú ọ̀rá kan dání, ó ń gbọn erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ọ̀rá búrẹ́dì ni. Lẹ́tà pupa ara rẹ̀ ṣì mọ́ roro: BÚRẸ́DÌ ADÙNBÁRÌN. Àwòrán búrẹ́dì tó ń yọ ooru ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ilé búrẹ́dì yìí ti wó tipẹ́tipẹ́," ni Màmá wí. "Ọkọ rẹ ló jẹ ẹ́ ní kékeré. Ehín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká nígbà yẹn, èèpo rẹ̀ ni kò lè jẹ." Ó fa ọ̀rá náà lápá òsì, ó fà á lápá ọ̀tún. "Wò ó, ó ṣì le koko. N óò fi kó ọmọ kókò tí n óò gbìn." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kókò kéékèèké sínú rẹ̀.

Fóònù Fadérera dún. Akínfọlárìn ni.

"Ìyá Bọ́láńlé, aago mẹ́rin ti kọjá o. Ẹ̀rọ ti gbóná. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?"

"Tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ yọ ewé yẹn kúrò. Ohun tó o máa kọ rèé, mú bírò."

Ó ka ọ̀rọ̀ kálámù fún un. Ó wá wo ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀, ó fi kún un pé: BÍ ẸNU MI BÁ TÚ, MO ṢÌ LE, Ẹ FI MÍ DI NǸKAN MÍÌ.

Akínfọlárìn kọ ọ́ tán. "Ìyá Bọ́láńlé, ta ló máa ra ọjà tó ń jẹ́wọ́ báyìí?"

"N kò mọ̀."

"Àyè yìí máa ṣófo o. Ẹ jẹ́ n fi ẹyẹ kan síbẹ̀, ẹyẹ máa ń tajà."

Fadérera ní ṣe ni òun bú sẹ́rìn-ín, títí tí omi fi bọ́ lójú òun, tí Akínfọlárìn sì ń béèrè pé kí lòun sọ tó pa á lẹ́rìn-ín.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó gbé ìpékeré rẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Ìyáàfin Ọláìtán ka ara ọ̀rá náà tán, ó fajú ro. Kò gba ọ̀ọ́dúnrún mọ́. Ọgọ́ta ló gbà, ìsàlẹ̀ pẹpẹ ló sì ní kó tò ó sí. Fadérera dúpẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tò ó. Ibi tó ti ń tò ó ló ti gbọ́ ohùn obìnrin náà lókè orí rẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ kọ ọ́ pé tiyín kì í jẹrà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

Fadérera ní òun kò fèsì, torí òun kì í ṣe àwọn yòókù. Ó kàn gbójú sókè. Ìyáàfin Ọláìtán ń wo pẹpẹ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ewé tútù ló kún ibẹ̀ bí oko àkùrọ̀. Ó mú àpò bisikíìtì kan níbẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ha ewé ara rẹ̀.